Ọ̀dà Funfun Lára Ògiri Tútù

Ẹni tó bá sọ pé owó pọ̀ ní Dublin láyé ìgbà náà kò purọ́. Owó pọ̀. Kéréènì dúró káàkiri ojú ọ̀run, ilé tuntun ń yọ ní Citywest lójoojúmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń ra ilé kejì àti ìkẹta bí ẹni ń ra ìrẹsì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ yàrá tí Munirat ń tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí ní Blanchardstown, ẹ ó rí i pé owó náà mọ ilé tó ń lọ. Kò yà sọ́dọ̀ tiwọn. Omi ń ṣàn lára ògiri yàrá náà tàárọ̀ talẹ́, nǹkan dúdú kan sì ti hù láti igun àjà wá sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, irú èyí tó máa ń bo búrẹ́dì tó bá ti bu. Onílé ní àwọn ló ń mí jù. Ó ní kí wọ́n máa ṣí fèrèsé sílẹ̀, nínú oṣù Kejìlá. Ènìyàn á máa gba owó ilé lọ́wọ́ ọlọ́mọ, á tún máa bá a jà nítorí pé ó ń mí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Munirat ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ nu ọ́fíìsì àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Citywest, ó sì ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e bọ̀ wálé. Ọkọ̀ dí ojú ọ̀nà M50 pa. Àwọn èrò ń ráhùn. Àlejò ọ̀sán ló wà lọ́kàn Munirat.

Àlejò náà ni Mísíìsì Zelkin. Bàbá ọkọ rẹ̀, Júù kan tó ṣòwò aṣọ ní Dublin títí ó fi là, ló fi àṣẹ sílẹ̀ kó tó kú pé kí àwọn ọmọ òun dá àjọ kan sílẹ̀: kí wọ́n máa fi ran àwọn Júù bíi tiwọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa fi ran aláìsàn lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ mọ́ṣáláṣí ni aláìsàn náà ń lọ. Sóṣà wọ́kà ilé ìwòsàn, òṣìṣẹ́ tó ń bá aláìsàn wá ìrànlọ́wọ́, ló bá Munirat kọ̀wé sí wọn. Dókítà ti sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé àìsàn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Iman ọmọ wọn, tó máa ń wọ̀ ọ́ léegun, òtútù àti ọ̀rinrin ni oúnjẹ rẹ̀. Ilé kan sì wà ní Coolock, ilé gbígbẹ, tí fèrèsé rẹ̀ dé dáadáa. Ìyá tó ni ín ní òun yóò dúró dè wọ́n di ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kí wọ́n mú owó àsansílẹ̀ dání. Owó àsansílẹ̀ yìí ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ àwọn Zelkin. Ọjọ́ Àìkú ni ìgbìmọ̀ wọn yóò jókòó, ohun tí Mísíìsì Zelkin bá sì fojú ara rẹ̀ rí lónìí ni yóò lọ sọ níbẹ̀.

Sóṣà wọ́kà ti kìlọ̀ fún Munirat gan-an. Ó ní kí wọ́n má tún nǹkan kan ṣe, kí ìyá àgbàlagbà náà bá ilé bó ṣe rí. Lọ́jọ́ tó kìlọ̀ náà, Munirat délé, ó sọ ọ́ fún Jamaldeen ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un. Jamaldeen mi orí pé òun gbọ́. Orí tí Jamaldeen bá mì, ẹ má gbára lé e.

Bí Munirat ṣe sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí tó délé, òórùn ọ̀dà ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó rò pé ilé ẹlòmíràn ni. Tòún, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ilẹ̀kùn kejì sí tiwọn, yọjú, ó kí i kú iṣẹ́, ó ní ilé wọn ti di ààfin lónìí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó má gbàgbé híítà òun, pé àwọn ọmọ òun ò ní pẹ́ ti ilé ìwé dé, yàrá tiwọn náà kì í gbóná. Munirat béèrè pé híítà wo. Tòún wò ó, ó ní, “Àṣé wọn ò sọ fún yín,” ó sì rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nígbà tí Munirat wọ yàrá ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ògiri ti funfun báláú. Híítà mẹ́ta ló pọ́n rẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ti Tòún, ti Gbọ́lá tó ń gbé òkè wọn, àti ọ̀kan tí kò mọ ẹni tó ni ín. Wọ́n ti ta kọ́tìnnì tuntun sí fèrèsé, wọ́n sun tùràrí kí òórùn ọ̀dà lè rọlẹ̀, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni bo ibi tí igi ilẹ̀ ti jẹrà. Jamaldeen, tó ṣọ́ ilé ìkẹ́rù kan ní Coolock mọ́jú, kò tíì sùn. Ọ̀dà kún èékánná rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Àṣíáwù, tó ti Ìwó wá bá wọn tọ́jú ọmọ, wà nídìí sítóófù, ó ń din ẹran. Iman wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ Iléyá rẹ̀, wọ́n ti di gèlè kékeré fún un. Ó fi eyín há etí bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí Munirat rí bí ó ṣe ń há aṣọ yẹn, ó ti mọ̀ pé eegun ti ń ro ó láti àárọ̀. Ó béèrè oògùn. Wọ́n ti fún un. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ náà ta pìrì, kò sì dún. Munirat yí sí ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Iman, kí la ní a fẹ́ fi han ìyá yẹn?”

Jamaldeen ní àlejò ni. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fún ènìyàn lówó, kò yẹ kó bá a nínú ẹ̀gbin, nítorí ẹni tó bá rí ẹ̀gbin yóò rò pé ọ̀bùn ni wọ́n, ta ni yóò sì gbé owó fún ọ̀bùn? Ó ní àwọn aláwọ̀ funfun ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn dúdú ò mọ ilé tọ́jú. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti rò ó jinlẹ̀ ní gbogbo òru, lẹ́nu iṣẹ́, tó ń rìn yí ilé ìkẹ́rù ká. Èyí tó dùn ún jù ni pé ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ kí i kú iṣẹ́.

Munirat ní ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ wá ń pa làpálàpá. Ọkọ rẹ̀ ló dojú ọ̀rọ̀ kọ, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ gbọ́ ọ níbi sítóófù. Àṣíáwù kò bínú. Ó yí ẹran padà nínú epo, ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Munirat ìbá dáhùn pé ilé baba ta ni? Ilé onílé tí kò ní tún un ṣe ni. Obìnrin tó ti Ìwó wá bá ènìyàn gbé ọmọ sẹ́yìn nínú òtútù yìí, a kì í dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ó mú kànrìnkàn nínú omi, ó fẹ́ fọ ọ̀dà náà kúrò. Àṣíáwù rọra gba kànrìnkàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bó bá fọ̀ ọ́ báyìí, yóò wá rí bí ilé tí wọ́n ti jà, ó sì sàn kí àlejò bá ilé funfun ju kó bá ilé ìjà lọ. Òtítọ́ ni, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Munirat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí ra á lẹ́sẹ̀. Jamaldeen wẹ̀, ó wọ jalabíà, ó lọ kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí kékeré tí wọ́n ṣe sínú ilé ìkẹ́rù kan lẹ́yìn ọjà.

Iman béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ìyá tó ń bọ̀ yìí ń bọ̀ wá wò ó pé ó ń ṣàìsàn ni, àbí ó ń bọ̀ wá wò ó pé ara rẹ̀ ti yá. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin ló fi béèrè rẹ̀, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà rẹ̀ gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ náà. Kí Munirat tó la ẹnu, Àṣíáwù ti dáhùn láti ìdí sítóófù. Ó ní ẹni tó bá bi í pé báwo ni, kó ní a dúpẹ́. Ó ní ọmọ tó bá ń ka àrùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò, àrùn náà yóò gbọ́ pé òun lórúkọ, yóò sì jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọmọ náà láti kékeré. Nínú ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ ohun tó ń ṣe é. “Nǹkan yẹn” ni Àṣíáwù ń pè é. “Ara ríro” ni Jamaldeen ń pè é. Ní ilé ìwé, bí olùkọ́ bá béèrè ìdí tí kò fi wá, àtẹ̀gùn ló máa ń sọ pé òun ti ṣubú. Àṣíáwù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti sin ọmọ tirẹ̀ méjì sí Ìwó lórí nǹkan yẹn, ó sì dá a lójú pé àpèjù orúkọ rẹ̀ ló pa wọ́n. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, ẹ má bi í ìdí tó fi ń sá fún ìjòkùn.

Jamaldeen ti Jímọ̀ dé pẹ̀lú ìbínú. Tàjùdíìnì, tó ń gbé ọkọ̀ takisí, tó sì máa ń fẹnu sí gbogbo ọ̀rọ̀, ti dá a dúró níbi tí wọ́n ti ń bọ bàtà. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba owó Júù, ṣé Jamaldeen kò mọ ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ ni. Jamaldeen bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé bóyá kí àwọn tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó ní Tàjùdíìnì tó ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn wo ló ń gbé nínú takisí rẹ̀, ṣé ó máa ń bi wọ́n ní ẹ̀sìn kó tó gba owó wọn?

“Owó tó bá máa wo ọmọ mi sàn,” ó ní, “kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ibi tó ti kírun.”

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Munirat rò ó nínú ara rẹ̀ pé, ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, kí ló dé tó fi gbà kí wọ́n kun ògiri?

Mísíìsì Zelkin dé ní kété lẹ́yìn náà. Ìyá kékeré kan ni, ó dé fìlà òwú, ó sì ń mí gúlegúle nítorí àtẹ̀gùn. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun kò ní lè pẹ́, nítorí òun gbọ́dọ̀ ti wà nílé kí oòrùn tó wọ̀. Ọjọ́ ìsinmi wọn ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, oòrùn Dublin nínú oṣù Kejìlá kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Jamaldeen tẹrí ba, ó ní àwọn náà ní Jímọ̀ tiwọn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ó bọ Àṣíáwù lọ́wọ́, ó bi í bó ṣe wà.

“Grand,” ni Àṣíáwù wí. “Grand, grand.”

Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Lẹ́nu àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló ti kọ́ ọ, bí àwọn ará ìlú náà ṣe ń fi í dáhùn ohun gbogbo, bí nǹkan dára, bí kò dára. Ó ti rí i pé “a dúpẹ́” ni wọ́n ń sọ ní èdè tiwọn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Munirat náà rẹ́rìn-ín, ara wọn sì balẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀: ìrẹsì, ẹran díndín, dòdò. Mísíìsì Zelkin dúpẹ́, ó ní oúnjẹ náà ń ta sánsán, ṣùgbọ́n kí wọ́n dárí ji òun, òfin ẹ̀sìn òun kò gba òun láyè láti jẹ ohun tí wọ́n sè ní ìkòkò tí kì í ṣe tiwọn. Ojú Àṣíáwù rọ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti wà nídìí ẹran yẹn. Jamaldeen ṣàlàyé fún un, ó ní bí àwọn náà ṣe ń wo ẹran kí wọ́n tó jẹ ẹ́ ni. Àṣíáwù rò ó, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ọsàn kan wá, ó fọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá náà. Ó ní àlejò bí òkété là ń fi ẹ̀kúrọ́ lọ̀. Mísíìsì Zelkin gba ọsàn, ó sì bó o níbẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán.

Ohun gbogbo ìbá dára bí ó bá jẹ́ àlejò lásán ló wá ṣe.

Wọ́n mú un wọ yàrá Iman. Ooru híítà mẹ́ta kọlù ú, ó bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó wo kọ́tìnnì, ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó wo ògiri. Jamaldeen dúró síwájú ògiri náà gangan bí aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù. Ìyá náà ní wọ́n ti kọ ọ́ sí òun pé yàrá náà tutù gan-an, pé omi ń ṣàn lára ògiri. Jamaldeen ní àwọn ń gbìyànjú. Ìyá náà bi í bí ọmọ náà ṣe ń ṣe sí láti ọ̀sẹ̀ yìí. Jamaldeen ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ara rẹ̀ ń yá. Ẹnu rẹ̀ ló mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bá Jamaldeen nínú kànga, a dúpẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wí.

Ìyá náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó bá Iman sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó yin gèlè rẹ̀, ó bi í pé báwo ni ara rẹ̀ lónìí. Munirat rí ọwọ́ ọmọ náà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó di ara wọn mú pinpin. Ó rí i tó gbójú sókè wo ìyá àgbà rẹ̀.

“I'm grand, thank you,” ni Iman wí.

Mísíìsì Zelkin fọwọ́ pa á lórí. Ó dìde, ó wá yí sí Munirat. Ó ní ìwọ ni ìyá rẹ̀, ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí o fẹ́ kí n rí?

Ìbéèrè tí Munirat ti ń gbàdúrà fún nìyẹn, láti inú bọ́ọ̀sì. Ó la ẹnu. Ó rí ojú Àṣíáwù. Ó rí Jamaldeen, tí ọ̀dà ṣì wà ní èékánná rẹ̀, tí kò sùn. Bí ó bá ní ó wà, ó ti sọ fún àlejò pé òpùrọ́ ni ọkọ òun, pé òpùrọ́ ni ìyá ọkọ òun, pé òpùrọ́ ni ọmọ òun, lójú gbogbo wọn. Híítà ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

“Rárá, mà,” ni Munirat wí.

Ìyá náà wò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó wọ kóòtù rẹ̀. Ó ní inú òun dùn pé ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí òun ti rò. Ó ní àwọn tó ń béèrè pọ̀, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé kan bọ̀ tí ọmọ wọn ń sùn sí ilé ìdáná, owó àjọ kò sì tó gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ Àìkú, òun yóò sọ ohun tí òun rí. Ó fún Munirat ní nọ́ńbà ilé rẹ̀, ó ní òun kì í gbé fóònù láti ìrọ̀lẹ́ yìí títí di alẹ́ ọ̀la, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ó wo fèrèsé. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbà á láyè.

Jamaldeen fọwọ́ gbá ọwọ́. Ó ní ìyá náà fẹ́ràn wọn, ṣé wọ́n rí bó ṣe jẹ ọsàn. Àṣíáwù ní àgbà dáadáa ni. Munirat ń ká àwo ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ó ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-è-jẹ. Jamaldeen béèrè ohun tó ń sọ. Munirat ní ìyá yẹn ti lọ gbé owó náà fún àwọn tí ọmọ wọn ń sùn sí ilé ìdáná. Ó ní ta ni yóò gbé owó fún ẹni tí ilé rẹ̀ funfun, tó gbóná, tí ọmọ rẹ̀ ní ara òun le? Ó sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè. Ọ̀rọ̀ náà wọ Jamaldeen lára díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó.

Tòún ló kọ́kọ́ wá gba híítà rẹ̀. Ó ti gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó béèrè pé ṣé ó dára, ṣé ìyá náà ti gbà. Munirat ní a dúpẹ́. Gbọ́lá wá gba tirẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ dá wọn láàmú, ìyàwó òun ló ní kí òun wá. Ẹni tó ni ẹ̀kẹta rán ọmọ. Ẹ kò lè bá wọn wí, òtútù ń mú wọn náà. Kò pẹ́ tí híítà kẹta kúrò tí mítà iná dún pé owó ti tán nínú òun, gbogbo ilé sì ṣókùnkùn. Híítà mẹ́ta láti àárọ̀ ti jẹ iná ọ̀sẹ̀ kan.

Jamaldeen sáré lọ ra iná. Òtútù kò dúró dè é. Nígbà tí iná máa fi padà dé, ògiri ti ń làágùn. Ọ̀dà tí wọ́n kùn sí ara ògiri tútù kò gbẹ rárá. Ó wú sókè ní wúrúwúrú, ó ń já bọ́ sórí ìrọ̀rí, nǹkan dúdú náà sì tún ń yọjú láti abẹ́ rẹ̀. Àṣíáwù fi ìborùn rẹ̀ nù ún. Ó wo ìborùn náà. Funfun àti dúdú ti dàpọ̀ mọ́ra lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni, ó ń wò ó, kò sì mọ ibi tí yóò fi í sí.

Ara Iman ti gbóná. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan mọ́, ó ti dé ẹ̀yìn, ó ti dé àyà, èémí rẹ̀ sì kúrú. Etí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó há lẹ́nu ti tutù rinrin. Munirat pe áńbúláǹsì. Nígbà tí wọ́n ń dúró dè é, ó tẹ nọ́ńbà Mísíìsì Zelkin. Fóònù dún, ó dún. Ohùn ìyá náà jáde láti inú ẹ̀rọ, ó ní kí ẹni tó bá pe òun sọ ohun tó fẹ́. Munirat gbọ́ tí ẹ̀rọ náà dún pé ó yá. Ó wá ọ̀rọ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé irọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ rí? Ó pa fóònù.

Ọkùnrin méjì ló gbé àga ìgbáláìsàn gun òkè wá. Ọ̀kan nínú wọn, onírùngbọ̀n pupa, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Iman, ó pè é ní olólùfẹ́ bí àwọn ará Dublin ṣe ń pe ọmọdé, ó bi í pé báwo ni.

Iman tú etí bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. “I'm grand,” ó ní.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní akọni ọmọ ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í mọ́ àga náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìkánjú. Jamaldeen, tó ti dé, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú káàdì iná lọ́wọ́, ó ń dáhùn ìbéèrè wọn, ó ní ara ríro ni, ó máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde sórí àtẹ̀gùn. Tòún ti ṣílẹ̀kùn. Gbọ́lá àti ìyàwó rẹ̀ ti yọrí lókè. Munirat ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ti tún tẹ nọ́ńbà náà, fóònù wà létí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Àṣíáwù ti kọjá lára wọn, láìwọ bàtà, ó sì gbá onírùngbọ̀n pupa lápá mú.

“No grand,” ó ní. “No grand.” Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ tán síbẹ̀. Ó bọ́ sí Yorùbá, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni. “Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe ọmọ mi. Òun ló pa méjì lọ́wọ́ mi. Ògiri wa tutù, àwa la kùn ún lọ́dà. Èmi ni mo ní kó má sọ. Ẹ má dá a lóhùn tó bá ní òun ò ní nǹkan kan, èmi ni mo kọ́ ọ.”

Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ìyá náà, ó sì wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Jamaldeen sọ orí kodò. Iman gbójú sókè wo ìyá àgbà rẹ̀. Ọmọ tó ti ń há aṣọ láti àárọ̀ la ẹnu, ó sì ké. Ó ké títí igbe náà fi gba gbogbo ilé kan.

Munirat ti gbọ́ tí ẹ̀rọ Mísíìsì Zelkin dún pé ó yá. Ó na fóònù náà sí ibi tí igbe ọmọ rẹ̀ ti ń wá, ó sì mú un dání bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbé e dé ìsàlẹ̀.